Ọtí tó ní ẹ̀mí nínú, àti ìgò tó rùn bí asín

Sátidé tó kọjá, mo ṣí ìgò bíà kan lórí tábìlì ní ilé ìdáná mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì hó tú jáde kí n tó gbé ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ló ṣòfò sórí tábìlì. Mo yára gbé ife sábẹ́ rẹ̀, mo rí díẹ̀ gbà, mo gbé e sí imú. Òórùn asín ni. Ẹni tí asín bá ti gba inú yàrá rẹ̀ kọjá lóru rí mọ ohun tí mò ń sọ. Síbẹ̀ mo tọ́ ọ wò, torí ₦3,500 ni mo ra ìgò kan, mẹ́fà ni mo sì rà. Ó ṣá lẹ́nu, ó wá fi ìkorò kan há mi lọ́nà ọ̀fun tí omi ò tètè ṣàn lọ. Mo ṣí èkejì. Bákan náà.

Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an, torí mo mọ bíà yẹn. Mo ti mu ún rí, mo sì ti fi ẹnu ara mi yìn ín fún àwọn oníbàárà mi.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ta ọtí òde. Ẹni tó bá ń ṣe ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ní Ṣágámù, èmi àti àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló máa ń ránṣẹ́ pè. A ó ti rì ọtí mọ́ inú yìnyín láti ìdájí, a ó sì máa gbé e káàkiri tábìlì títí àwọn onílù yóò fi kó ìlù wọn. Adẹ́mu ni bàbá tó bí mi, ní apá Orù. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ahọ́n mọ ọtí, kí n tó kọ́ bí a ṣe ń fi ọtí pa owó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìgò mẹ́fà yìí kò fi lè bọ́ lọ́kàn mi bọ̀rọ̀.

Bíà àfọwọ́pọn ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní craft beer, tí àwọn ọ̀dọ́ apọntí ń pọn níwọ̀nba, agbada kan lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe irú ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Èkó ló kọ́kọ́ gbé e dé ilé wa, nígbà Iléyá, nígbà tí gbogbo ẹbí wá fún Ojúde Ọba. Bọ̀dá mi ni mò ń pè é, torí inú ilé ni mo bá a. Ó gbé kúlà kan wọlé, yìnyín kún inú rẹ̀ dé ẹnu. “Ìyàwó wa,” ó ní, “ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọtí, ẹ bá mi tọ́ èyí wò.” Ó fi ife lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí ọtí máa gba ara ife ṣàn wọlẹ̀. Nígbà tó kù bí ìwọ̀n ìka kan nísàlẹ̀ ìgò, ó dáwọ́ dúró. Ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kù yẹn, kí n má mu ún. Ọ̀rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló mú kí n fa àga sún mọ́ ọn.

Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí wọ́n là mọ́ omi, ó ṣú díẹ̀, kò mọ́ gaara bíi ti bíà tí a mọ̀. Ìfófòó orí rẹ̀ funfun, ó ki, ó sì ń fi òrùka kan sílẹ̀ lára ife ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e kúrò lẹ́nu. Nígbà tí mo mu ún tán, mo ka òrùka márùn-ún. Imú mi kọ́kọ́ gbọ́ èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Lẹ́yìn náà ni ìkorò dé, kò dúró pẹ́, nígbà tó lọ tán, adùn bí ara búrẹ́dì gbígbóná ló kù lórí ahọ́n. Mo mu ìgò kan àbọ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọ̀jọ̀jọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi dín, mo sì mọ̀ pé ẹni tó pọn ọtí yìí fara balẹ̀ pọn ọ́n.

Orúkọ kan náà, bébà kan náà lára ìgò, ọtí kan náà. Kí ló wá dé tí èyí tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù rùn?

Mo padà lọ wo ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Orí pèpéle tó wà lójú fèrèsé ni wọ́n tò ó sí kí ẹni tó ń kọjá lè rí i, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń wọlé sí ibẹ̀ tààrà. Ìgò aláwọ̀ ewé ni. Ohun tó ń mú bíà korò, ìyẹn òdòdó hops, kì í bá ìmọ́lẹ̀ oòrùn rẹ́. Tí oòrùn bá ti kàn án, ó máa yí padà, òórùn asín yẹn ló sì máa bí. Ìgò búráùn máa ń dí oòrùn lọ́wọ́ dáadáa. Ìgò aláwọ̀ ewé kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ti híhó tó hó tú jáde, ooru ló fà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sábà máa ń fi iná pa ìwúkàrà inú bíà wọn kó lè pẹ́ lórí igbá, ṣùgbọ́n nínú irú èyí, ìwúkàrà náà ṣì wà láàyè nísàlẹ̀ ìgò. Ẹ fi ooru kan án, yóò jí, yóò jẹ ṣúgà tó ṣẹ́kù, yóò máa tú afẹ́fẹ́ sínú ìgò tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Apọntí ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Gbogbo èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ adẹ́mu. Bàbá mi kì í fọ akèrègbè rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi í léèrè, ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná ni yóò kọ́ ti òní bí yóò ṣe hó. Òun náà kì í gbé ẹmu sínú oòrùn. Ewé ló máa ń tẹ́ lé e lórí, abẹ́ igi ló máa ń gbé e sí, bí a bá sì ń gbé e bọ̀ wálé, ó máa ń ní ká rọra rìn, ká má máa gbọ̀n ọ́n.

Bàbá mi ti lọ. Ẹni tí mo ń ra ẹmu ọ̀pẹ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Páànù mẹ́rin lórí òpó, bẹ́ǹṣì méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń fi igbà gun ọ̀pẹ báyìí, ṣùgbọ́n bàbá fúnra rẹ̀ ló ń sẹ́ ẹ, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo dé ibẹ̀ ní Ọjọ́rú kí aago méje tó lù. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ọmọ Adẹ́mu, o ò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán.”

“Bàbá, mo fẹ́ ti àárọ̀ ni.”

Ó gbé akèrègbè lé ojú asẹ́, ó rọra da á. Oyin méjì tó ti kú sínú rẹ̀ dúró sójú asẹ́, pẹ̀lú èérún igi ọ̀pẹ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí oyin yẹn, torí oyin kì í bá ibi tí kò dùn lọ. Ẹmu náà funfun bí omi àgbọn tí wọ́n po wàrà díẹ̀ mọ́, ó ń hó wẹ́wẹ́ létí igbá, tí mo bá sì dẹtí sí i, mo ń gbọ́ ọ. Ní aago méje yẹn, ó ń dùn bí ìrèké, agbára rẹ̀ kò tíì dé. Mo gbé lítà mẹ́ta wá sílé, mo sì ń tọ́ ọ wò láàárọ̀ títí di alẹ́. Ní aago mọ́kànlá, ó ti ń ta ahọ́n, adùn rẹ̀ kò sì tíì lọ. Wákàtí yẹn ni tèmi, kò sí ọtí kankan nínú ìgò tí mo lè fi wé e. Ní aago mẹ́rin, ó ti gbó, ó ti ń wọni lórí, ìkan ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi, ìgbà yẹn ni ó máa ń béèrè tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti kan gbáà.

Ohun tí mo fi ń yin bàbá yẹn jù ni pé kì í pa irọ́ nípa wákàtí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ kan gbé mọ́tò dé lọ́sàn-án, wọ́n ní tútù ni àwọn fẹ́. Ó ní, “Ti àárọ̀ ti ń kan. Bí ẹ bá fẹ́ kíkan, ó wà. Bí ẹ bá fẹ́ dídùn, ẹ padà wá lọ́la.” Méjì nínú wọn bínú lọ. ₦1,000 ni lítà kan. Kò sí àga gidi, kò sí ilé ìyàgbẹ́, tí òjò bá sì rọ̀, ẹsẹ̀ yóò rì. Màá tún lọ.

Ọ̀tọ̀ ni èyí tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ́, nínú kéègì funfun tó jókòó sínú oòrùn ọ̀sán. Aago méjì ọ̀sán ló lù, ẹmu ṣì ń dùn bíi ti ìdájí: ìyẹn nìkan ti tó kí ara fu èèyàn. Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo pa ọwọ́ pọ̀, mo là á. Ẹmu gidi máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Eléyìí ṣàn lọ bí omi, ìkorò sákárínì, ìyẹn ayédèrú ṣúgà, sì wá jókòó sí ìdí ahọ́n mi títí mo fi dé ilé. Mo da á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹmu inú ìgò tí wọ́n ti fi iná sè, n kò ní bá a jà. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kó o lọ sí òkè òkun. Ó dùn ṣùgbọ́n kò hó, kò sì ní ìtàn kankan láti sọ láàárín àárọ̀ sí alẹ́.

Bọ̀dá mi tún gbé bíà dúdú àfọwọ́pọn kan wá, tí wọ́n fi kọfí sí. Ibẹ̀ ni ilé wa ti pín sí méjì. Ọkọ mi, Guinness ni tirẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, èyí tó ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí líle nínú; ó ní èyí fúyẹ́, ó sì mú òun rántí tíì àárọ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ tí kò bá tutù jù. Mo gbé e kúrò nínú fíríìjì fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, òórùn kọfí àti àgbàdo sísun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́ tó ní ẹja gbígbẹ nínú, wọ́n bá ara wọn mu ju bí mo ṣe rò lọ.

Ohun kan ń dùn mí nípa àwọn ọ̀dọ́ apọntí wọ̀nyí, mo sì ń sọ ọ́ torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá ọkà báálì láti òkè òkun, nígbà tí ọkà wa wà nílẹ̀. Ní ọdún 1988 tí ìjọba fòfin de kíkó báálì wọlé, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi pọn bíà, a sì mu ún. Kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ni ìyá ìyá mi ti ń rẹ àgbàdo, tó ń jẹ́ kó hù, tó ń sá a, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń sè é di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ìyá kan ní apá Ìkẹ́nnẹ́ ṣì ń pọn ọ́n fún mi tí mo bá ní òde àwọn àgbà: àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, ó kan díẹ̀ bí omidùn, àgbàdo sísun wà nínú èémí rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ilé-iṣẹ́ bíà ńlá sí Ìmàgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, òmíràn tún ṣí ní Ṣágámù ní 2018. Bí ọ̀dọ́ kan nínú àwọn afọwọ́pọntí bá lè fara balẹ̀ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sínú ìgò búráùn, èmi ni yóò kọ́kọ́ ra páálí mẹ́wàá.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Mọ́ńdè, mo gbé ìgò mẹ́rin tó kù dání. Ọmọkùnrin tó ń tà á kọ́kọ́ ní bí ọtí náà ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ní kó ṣí ọ̀kan, mo san owó rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó tún gbóòórùn rẹ̀. “Ẹ má bínú, Mọ́mì,” ó ní, “wọn ò sọ fún wa.” Ó kó gbogbo èyí tó wà lójú fèrèsé wọ inú yàrá ẹ̀yìn, ó sì fún mi ní méjì láti inú páálí tí kò tíì ṣí. Mo ti gbé wọn dúró ṣánṣán nísàlẹ̀ fíríìjì. Bọ̀dá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.