Igi, èédú tàbí gáàsì: ooru èwo ló ń dé inú ìkòkò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ohun ìdáná ní Kétu, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ iná tàn yín. Lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, iná á máa jó lala, ojúgun ẹni tó ń dáná á ti gbóná, omi inú ìkòkò ṣì dákẹ́.

Òṣùwọ̀n la fi ń mọ̀ ọ́n. Kílò kan igi gbígbẹ ní ooru bíi mẹ́gájúùlù 15 nínú (mẹ́gájúùlù la fi ń wọn iye ooru), èédú ní bíi 29, gáàsì ní bíi 46. Bẹ́ ẹ bá jó kílò 2 igi ní wákàtí kan, kílówáàtì 8 ló jáde yẹn; kílówáàtì la fi ń wọn bí ooru ṣe ń yára jáde sí. Ó pọ̀, àbí? Bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ló ń wọ ìkòkò, atẹ́gùn ló kó ìyókù lọ. Èédú nínú ààrò onírin, ìdajì kílò ní wákàtí kan: kílówáàtì 4, ìdá kan nínú mẹ́rin ló wọlé. Gáàsì, gíráàmù 150 péré ní wákàtí kan, ohun tó wọlé ju ìdajì lọ díẹ̀. Ẹ ṣírò ó: gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí kílówáàtì kan. Ìgò gáàsì oníkílò 6 á sì gbà yín tó wákàtí 40 bẹ́ẹ̀.

Igi tútù ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Ẹ wo ìdí igi nínú iná: bó bá ń yọ ìfófòó, tó ń dún ṣììì, omi ara rẹ̀ lẹ ń sè yẹn, kì í ṣe ọbẹ̀. Àyìn tó ti gba oòrùn dáadáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sì fi amọ̀ mọ ògiri yí ààrò ká, igi á dín kù. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀ kí wọ́n tó mọ ọ́n. Ní báyìí, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Èédú ni mo ń bẹ̀rù. Nígbà ọyẹ́, àwọn kan a máa gbé e wọ yàrá, wọn a tìlẹ̀kùn. Gáàsì olóró tó ń tú jáde lára èédú kò lóòórùn, ó sì ń pani lójú oorun.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gbé omi lítà 5 kaná, kí wọ́n dé e, kẹ́ ẹ wo aago. Bó bá hó ní bí ìṣẹ́jú 26, kílówáàtì kan ló wọ omi. Bó bá jẹ́ 13, méjì ni.

Nílé tèmi, gáàsì ni ti ẹ̀kọ òwúrọ̀. Ẹ̀wà, ààrò alámọ̀ ni mo ń gbé e kà.