Bátìrì inverter ilé: 12V, 24V àbí 48V? Olómi, dráì-sẹ́ẹ̀lì àbí lithium?

Kí ẹ tó bèèrè iye tí bátìrì jẹ́, ẹ yẹ ara inverter wò. 12V, 24V tàbí 48V tí wọ́n kọ sí i lára ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe so bátìrì pọ̀ àti iye tí ẹ gbọ́dọ̀ rà lẹ́ẹ̀kan. Kò sí bọ́tìnì tó ń yí i padà. Ẹni tó gbé inverter 48V wálé kò lè ra bátìrì 12V méjì, kó ní bí owó oṣù bá dé òun á fi méjì kún un. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà kí iná tó tàn.

Síríìsì ni kí pósítíìfù bátìrì kan wọ nẹ́gétíìfù èkejì: V (fọ́lítéèjì) á ro pọ̀, Ah (iye iná tí bátìrì lè gbà mọ́ra) á dúró. Párálẹ́ẹ̀lì ni kí pósítíìfù wá pósítíìfù, kí nẹ́gétíìfù wá nẹ́gétíìfù: Ah á ro pọ̀, V á dúró. Bó ti wù kí ẹ so wọ́n, agbára inú bátìrì kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Iye iná tó ń gba inú wáyà kọjá ló ń yí padà, òun ló sì ń jó ilé. Ẹ wo bátìrì 12V 200Ah mẹ́rin kan náà, tí ẹrù orí wọn jẹ́ 3,000W:

| | 12V: gbogbo wọn párálẹ́ẹ̀lì | 24V: méjì-méjì síríìsì, kí ìlà méjèèjì wá jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì | 48V: gbogbo wọn síríìsì |
|---|---|---|---|
| Àpapọ̀ | 12V, 800Ah | 24V, 400Ah | 48V, 200Ah |
| Agbára | 9,600Wh | 9,600Wh | 9,600Wh |
| Iná inú wáyà | bíi 310A | bíi 155A | bíi 77A |
| Wáyà bàbà | 70mm² onílà méjì | 50mm² | 25mm² |
| Fíúsì | 400A | 200A | 100A |

Ìṣirò yìí ti ka ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn, ó sì ti ka bí V bátìrì ṣe ń wálẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ká má jẹ́ kí wáyà láti bátìrì dé inverter gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ.

Bí iná inú wáyà kan bá di ìlọ́po mẹ́rin, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Nọ́ọ̀tì tó tú díẹ̀, tó kàn máa móoru lórí 48V, lè yọ́ orí bátìrì lórí 12V. Bí ilé yín bá ní fírísà, pọ́ńpù omi tàbí A/C, ẹ gbàgbé 12V. Fún tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti gílóòbù tí kò kọjá 1,000W, ó ṣì tó. 24V wà fún ẹni tó máa ra bátìrì méjì péré. Ẹni tó lówó bátìrì mẹ́rin, tí kò sì tíì ra inverter, kó kúkú mú 48V. A ò rí ohun tó fẹ́ fi 24V ṣe.

Àléébù párálẹ́ẹ̀lì ni pé bátìrì kì í pín iṣẹ́ dọ́gba. Bí wáyà pupa àti dúdú bá jọ jáde lára bátìrì kan náà, òun ni yóò máa ru ẹrù jù, òun náà ni yóò kọ́kọ́ kú. Ẹ mú pupa láti ara bátìrì àkọ́kọ́, kí ẹ mú dúdú láti ara ìkẹyìn, kí àwọn wáyà kúkúrú àárín wọn sì gùn bákan náà.

Síríìsì náà ní àrùn tirẹ̀. Àròpọ̀ V nìkan ni ṣájà ń rí. Tó bá rí 57.6V, ó gbà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní 14.4V, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan lè wà ní 15.3V tó ń hó, kí òmíràn wà ní 13.5V tí kò ní kún láéláé. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ kan náà, Ah kan náà, àkókò kan náà ni kí ẹ ti ra gbogbo wọn. Ẹni tó fi tòkunbọ̀ kan mọ́ tuntun mẹ́ta kò dín owó kankan kù, torí bí agbára tòkunbọ̀ yẹn bá ṣe mọ ni ti mẹ́ta yòókù náà máa mọ.

Irú bátìrì

Bátìrì olómi, tí wọ́n ń pè ní tubular, lè fara da gbígba iná jù díẹ̀, torí omi rẹ̀ ṣeé rọ́pò. Omi bátìrì tí wọ́n ti sẹ́ ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe omi kànga. Tó bá ń gba iná, ó ń tú gáàsì háídrójìn jáde, tí 4% rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ti tó láti bú gbàù. Yàrá ìbùsùn kọ́ ni ibùgbé rẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n kàn pa kò dára. Ọ̀kan tó jẹ́ 200Ah ń wọn bíi 60kg.

Dráì-sẹ́ẹ̀lì: orúkọ yẹn ń tanni, ásíìdì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ò lè fi omi kún un, nítorí náà gbígba iná jù ń pa á láìsí àtúnṣe. Ooru sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀: bí ibi tó wà bá fi 10°C gbóná ju 25°C lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter, ni wọ́n máa ń kó o sí jù.

Ibi tí ẹni tó ń náwó ti máa ń ṣìrò ni ti lithium. Bátìrì ásíìdì (olómi tàbí dráì-sẹ́ẹ̀lì) mẹ́rin yẹn jẹ́ 9,600Wh lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì ni ká lò bí a bá fẹ́ kó pẹ́: 4,800Wh. Lithium 51.2V 100Ah kan ṣoṣo jẹ́ 5,120Wh, a sì lè lo 90% rẹ̀, bíi 4,600Wh. Kò tó 50kg, níbi tí mẹ́rin yẹn ti ń wọn 240kg. Orí bátìrì méjì ló ní, dípò mẹ́jọ. Orí tí kò sí kò lè tú, kò lè dípẹtà, kò lè jó. Bí owó bá ká a, òun la máa mú.

Ẹ má fi lithium 12.8V mẹ́rin ṣe síríìsì àyàfi tí ìwé rẹ̀ bá gbà pé mẹ́rin ṣeé so. BMS, ẹ̀rọ kékeré tó ń dáàbò bo bátìrì, tó sì lè gé iná rẹ̀, wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti ilẹ̀kùn, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Ẹ má sì so lithium mọ́ bátìrì ásíìdì ní párálẹ́ẹ̀lì. Lithium tó sinmi wà ní bíi 13.3V, ásíìdì ní 12.7V: èkíní á máa ṣàn sínú èkejì tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá fẹ́ fi lithium kejì kún un lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi iná kún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó so wọ́n. Ìdènà inú wọn kéré gan-an. Bó bá jẹ́ 0.01 ohm, ìyàtọ̀ 1V péré á mú 100A sáré láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Fíúsì tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wáyà, fíúsì, brékà

Ẹ fi ọ̀bẹ họ irin wáyà kí ẹ tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára epo tẹ irin ni kí wọ́n fi tẹ lug (irin orí wáyà tí wọ́n ń dè mọ́ bátìrì), kì í ṣe òòlù. Kí fíúsì wà níwọ̀n 18cm sí orí pósítíìfù, torí wáyà tó wà ṣáájú fíúsì kò ní aláàbò. Fún lithium, fíúsì Class T ni kí ẹ rà. Ó lè gé 20,000A, iná tí lithium bá sì tú jáde nígbà tí wáyà méjì bá pàdé ara wọn pọ̀ gan-an ni. Brékà inú ilé kò yẹ níbí. Iná NẸ́PÀ ń dé òdo nígbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń pa iná tó bá ń ta nínú brékà. Iná bátìrì kì í dé òdo, yóò kàn máa jó lọ ni. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ DC (irú iná bátìrì) sí pẹ̀lú iye V rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń so ó

Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ wé téèpù mọ́ ọwọ́ spánà. Ẹ pa inverter, ẹ yọ fíúsì. Ẹ fi mítà tó ń wọn V wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan: bátìrì ásíìdì tó kún, tó ti sinmi, á jẹ́ bíi 12.7V, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má sì ju 0.1V lọ. Ẹ de àwọn wáyà kúkúrú, kí ẹ wá wọn àpapọ̀. Mẹ́rin ní síríìsì á fún yín ní bíi 50.8V. Bó bá jẹ́ 25.4V, ẹ ti dojú ọ̀kan kọ ẹ̀yìn. Ẹ so pupa mọ́ inverter, kí dúdú tẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi fíúsì sí i kẹ́yìn. Ó lè ta iná díẹ̀ níbẹ̀, torí kàpásítọ̀ inú inverter ló ń kún.

Bí ẹ bá pààrọ̀ ásíìdì sí lithium, ẹ yí ètò ṣájà padà: kó má kọjá 57.6V fún 51.2V, tàbí iye tí ìwé rẹ̀ bá sọ, kí ẹ sì pa equalisation (gbígba iná jù tí ṣájà ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fún bátìrì ásíìdì). Inverter tí ètò rẹ̀ kò ṣeé yí, ẹ má so lithium mọ́ ọn.

Ẹ gbé ẹrù tó pọ̀ lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fọwọ́ kan rọ́bà wáyà nítòsí lug kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ ò bá lè di mú, ẹ pa á, ẹ tú u, ẹ fọ ojú rẹ̀ kó dán, ẹ tún un dè.