Oko adìẹ ìbílẹ̀ kan lọ́nà Ìsẹ́yìn: ohun tí mo rí níbẹ̀, èyí tó dáa àtèyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wá ojúlówó adìẹ ìbílẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó lọ́jà tí wọ́n wá ń pè ní ìbílẹ̀ o, mo ti rí ibì kan. Lọ́nà Ìsẹ́yìn ni, oko kékeré ni, màmá kan àti ọmọ wọn ọkùnrin ló ń bójú tó o. Màmá ní kí n má tíì gbé orúkọ oko síta torí adìẹ tó wà nílẹ̀ ò pọ̀ tó èrò tó ń wá, ẹni tó bá fẹ́ lóòótọ́ kó bi mí, màá júwe ọ̀nà fún un. Mo ti ra òròmọdìẹ níbẹ̀, mo tún padà lọ ra àkùkọ, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń to adìẹ. Abọ́lọ́rùn wà nínú àgọ́ tiẹ̀, aṣa tí ìyẹ́ ẹ̀ ká sẹ́yìn wà lọ́tọ̀, àwọn tí ìyẹ́ wọn dán bíi ti adìẹ ilé gbogbo náà wà lọ́tọ̀, adìẹ Fúlàní tó ga tó sì wúwo ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ kì í bá ìkankan nínú wọn da pọ̀. Àkùkọ kan sí àgbébọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Àwọn tí ìyẹ́ wọn dán yìí nìkan ní àgọ́ mẹ́ta, tọ́dún bá yí wọ́n á kó àkùkọ àgọ́ kìíní lọ sí ìkejì, ti ìkejì á lọ sí ìkẹta, ti ìkẹta á wá sí ìkíní, àwọn àgbébọ̀ ò ní kúrò níbi tí wọ́n wà. Gbogbo adìẹ ló ní òrùka rọ́bà lẹ́sẹ̀, àwọ̀ òrùka ló ń sọ àgọ́ tí wọ́n ti bí i, ọmọ màmá sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Mo ní ṣé wọn ò lè kàn jẹ́ kí gbogbo wọn jọ máa jẹ̀ ni, màmá ní, “Ọmọ mi, tí àkùkọ bá ń gun àbúrò ẹ̀, tó tún ń gun ọmọ tó bí, ṣé okun á wà lára wọn?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá ti sin adìẹ pẹ́ á ti rí i, ẹyin ò ní pa dáadáa mọ́, èyí tó bá tún pa, ọmọ ibẹ̀ á kàn máa ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ti aṣa yẹn lọ́gbọ́n nínú gan-an. Èèyàn á rò pé tí àkùkọ àti àgbébọ̀ bá ti jẹ́ aṣa, ọmọ wọn gbogbo á dáa. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Tí aṣa bá gun aṣa, tá a bá dá ọmọ wọn sí mẹ́rin, bí ìdá kan níbẹ̀ ni ìyẹ́ ẹ̀ máa ká jù, á máa kán, á máa já dànù, ara á wà níhòòhò, òtútù ọyẹ́ ò sì ní fi í lọ́rùn sílẹ̀. Nítorí náà àkùkọ aṣa ni wọ́n máa ń fi sáàárín àgbébọ̀ tí ìyẹ́ wọn dán, bí ìdajì ọmọ á jẹ́ aṣa, ìdajì tó kù á dán, gbogbo wọn á sì ní ìyẹ́ lára. Mi ò tíì rí ẹlòmíì tó ń ta adìẹ tó ṣàlàyé èyí fún mi rí.

Abọ́lọ́rùn ni mo lọ rà ní tèmi. Ọmọ màmá gbé òròmọdìẹ kan lé mi lọ́wọ́, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló jáde nínú ẹyin, ọrùn ẹ̀ ti wà ní borokoto, pupa, ó kàn ní ìdì ìyẹ́ kékeré kan níwájú ọrùn lápá ìsàlẹ̀. Ó ní ìdì ìyẹ́ yẹn ni ká máa wò, èyí tó bá ní in, ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ló ti gba ọrùn bíbó, èyí tí ọrùn ẹ̀ bá mọ́ fẹ́ẹ́, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti gbà á. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀, ṣùgbọ́n adìẹ ò tiẹ̀ ní ihò òógùn lára rárá, ẹnu tó ń là tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara ẹ̀. Abọ́lọ́rùn tí ìyẹ́ ara ẹ̀ ò pọ̀ máa ń rí ibi tí ooru ti ń jáde. Ọ̀sán ganrínganrín ni mo débẹ̀, àwọn tí ìyẹ́ wọn pọ̀ ti na apá sílẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n lanu sílẹ̀, àwọn abọ́lọ́rùn ń tan ilẹ̀ kiri, wọ́n ń wá ikán jẹ.

Mi ò bá ẹni tó ń sin Noiler, adìẹ àmúlùmálà tó ń tètè dàgbà yẹn, tàbí adìẹ ágíríìkì jà o, ẹni tó fẹ́ ta ẹran kíákíá mọ nǹkan tó ń ṣe. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ ò ju bíi kílò kan lọ, ẹyin tó ń yé lọ́dún lè má ju 40 sí 60 lọ, adìẹ ẹlẹ́yin ti ágíríìkì sì ń sún mọ́ 300. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé FUNAAB Alpha tí Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta ṣe, tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2018, ara adìẹ ìbílẹ̀ wa yìí ni wọ́n ti yọ ọ́. Tá a bá wá jẹ́ kí àkùkọ ágíríìkì gun gbogbo àgbébọ̀ abúlé tán, kí la fẹ́ rí yọ nígbà míì? Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, torí abúlé tí mo dàgbà sí, aṣa àti abọ́lọ́rùn ò wọ́n nígbà yẹn, ní báyìí èèyàn lè rìn yí ká kó má rí ẹyọ kan. Àwọn tó ń wá adìẹ ètùtù náà máa ń ra aṣa àti òpìpì kó tó bímọ rárá. Màmá ò lé wọn o, àkùkọ tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń tà fún wọn, àgbébọ̀ tó wà fún ọmọ ò jáde, iye yòówù kẹ́ ẹ pè.

Ó yá, èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n kán oògùn àjẹsára àrùn Newcastle, lúkúlúkú yẹn, sójú òròmọdìẹ níṣojú mi, èyí tí wọ́n ń pè ní I-2, tí wọ́n ń ṣe ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ni, inú fúláàsì oníyìnyín ni wọ́n ti mú un jáde, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n wọn ò fún wọn ní ti Gumboro, àrùn míì tó ń pa òròmọdìẹ, káàdì oògùn tí wọ́n fún mi ò sì ní déètì kankan lára, èmi ni mo ń fi fóònù bèèrè lẹ́yìn ìgbà tí mo délé, wọn ò sì tètè ń gbé fóònù. Kátọ́ọ̀nù tí wọ́n kó wọn sí, ihò ara ẹ̀ ò tó, àwọn kan ti rẹ̀ kí n tó dé Ìbàdàn, mo sì pàdánù nínú wọn. Owó wọn tún ju ti òròmọdìẹ bíróìlà lọ dáadáa, ẹ ò sì lè ṣa abo lára wọn torí wọn kì í yẹ̀ wọ́n wò láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Owó yẹn ò dùn mí o, ẹni tó ń bọ́ àgọ́ tó pọ̀ tó báyẹn torí kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà pọ̀ gbọ́dọ̀ jèrè. Káàdì àti kátọ́ọ̀nù ni kí wọ́n tètè tún ṣe.

Tó bá jẹ́ ẹran Kérésì lẹ fẹ́, ẹ má lọ síbẹ̀, ẹ máa fi àsìkò yín ṣòfò. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìran adìẹ tiyín, ẹ lọ, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ débẹ̀, ẹ gbé agbọ̀n dání dípò kátọ́ọ̀nù, ẹ ní kí wọ́n kọ déètì oògùn sí káàdì kẹ́ ẹ tó sanwó, torí I-2 yẹn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta lẹ máa tún un kán. Tẹ́ ẹ bá ń ra àkùkọ mọ́ àgbébọ̀, ẹ wo àwọ̀ òrùka ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n fún yín látinú àgọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kì í ta òròmọdìẹ nígbà ọyẹ́ torí ìgbà yẹn ni lúkúlúkú máa ń jà jù, tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àwọn tó fẹ́ rà.