Catweazle: oṣó tí egbé ṣì gbé

Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́dún 1970. Àwọn òbí mi ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́ ọn, bíi ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ìgbà náà. Ni wọ́n bá fi mí sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó kan ní Kent kó bá wọn máa tọ́ mi. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìyá yẹn ń gbà kí á gbé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ wá síwájú tẹlifíṣọ̀n, nítorí Catweazle, eré ọmọdé orí tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò mi tó ti Ìlú Ọba dé ló bá mi ra DVD rẹ̀ bọ̀, apá kìíní àti ìkejì, ìpín 26 lápapọ̀. Mo ti wò ó tán pátá.

Oṣó ni Catweazle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, nígbà tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀. Ọmọ ogun wọn ń lé e, ó pe ọfọ̀, ó bẹ́ sómi. Ẹni tó bá mọ egbé ti mọ ibi tí mò ń lọ. Egbé gbé e lóòótọ́, àmọ́ kò gbé e délé. Nǹkan bí 900 ọdún síwájú ló lọ jù ú sí, nínú oko òyìnbó kan, tòun ti Touchwood ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀. Ọmọ olóko ló rí i. Carrot ni wọ́n ń pe ọmọ náà nítorí irun rẹ̀ tó pọ́n, òun ló sì ń bo àṣírí bàbá arúgbó yìí.

Geoffrey Bayldon tó ṣe Catweazle kò tíì pé àádọ́ta ọdún nígbà náà, ẹ ò sì ní gbà. Irùngbọ̀n játijàti, aṣọ tó dà bí àpò èédú, ojú tó ń yọ ràdàràdà bíi ti ẹran tí wọ́n fẹ́ mú. Tí ẹ̀rù bá bà á, á máa mí hìì-hìì bí ológbò. Bí ọfọ̀ rẹ̀ kò bá sì jẹ́, a ó gbọ́ ọ: “Nothing works!” Ṣé àwọn àgbà wa kì í ráhùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí òògùn bá kọ̀ tí kò jẹ́?

Ìpín àkọ́kọ́ ni mo wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ibẹ̀ ló ti rí gílóòbù, tó rò pé ẹnì kan ló mú oòrùn dé sínú ìgò. Iná yẹn ló sọ ní “electrickery”, ó fi ẹ̀tàn há ọ̀rọ̀ náà láàárín. Tẹlifóònù sì di “telling bone”, egungun tó ń ròyìn. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ìyá ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n dá mi padà sí Ìbàdàn lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, n kò gbọ́ Yorùbá rárá. Màmá ló jókòó tì mí. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní iná mànàmáná. Ó nawọ́ sí rédíò, ó ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ó ń sọ̀rọ̀, àbí ó ń gbọ́ tìẹ?” Ohun tí Catweazle ń ṣe gan-an nìyẹn! Ó rí ohun tí kò lórúkọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi ìṣesí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé òpè ni Richard Carpenter, tó kọ eré náà, fi í ṣe. Àlejò ni. (Ní Kent, n kò mọ̀ bóyá Carrot ni mí àbí Catweazle.)

Apá kejì kò dùn tó ti àkọ́kọ́ lẹ́nu mi. Carrot kò sí níbẹ̀ mọ́, ọmọ ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Cedric ló rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń wá àmì ìràwọ̀ méjìlá káàkiri. Peter Butterworth, tó ṣe Groome ìránṣẹ́ ilé wọn, nìkan ló gbà á là fún mi. Ẹ má sì wo ju ìpín méjì lọ lóòjọ́, torí wọ́n jọra: ó rí nǹkan, ó sá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un, wọn ò mú un. Àwòrán ti ṣá díẹ̀, a sì ń rí eruku lára rẹ̀. Ìyẹn kò dùn mí tó ti ẹni tó tà á, tó búra pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i rí. Ọ̀kan nínú àwọn díìsì náà ti họ lára, ó ń fò lójú ibi tó dùn jù.

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bá mi wo ti àkọ́kọ́. Fóònù ló kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Ó bi mí pé, “Màmá àgbà, kí ló dé tí kò béèrè lọ́wọ́ Google?” Nígbà tó yá, ó gbé fóònù sílẹ̀. Bí gílóòbù yẹn ṣe tàn lójú Catweazle báyìí ni wọ́n mú iná lọ. A jókòó sínú òkùnkùn fún bíi wákàtí kan, a ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí iná dé, tí gbogbo àdúgbò hó yèè, ọmọ náà fò sókè lórí àga, ó na ìka sí gílóòbù pálọ̀, ó pariwo: “Electrickery!”