Dáṣíbọ́ọ̀dù Land Rover Series III mi tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí n tó kọ èyí. Ọjọ́ tí a gba mọ́tò lọ́wọ́ ríwáyà, ẹni tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, kọ́ là ń yin iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ti rí òjò, ó ti rí eruku ọyẹ́, ó sì ti ru iṣu.

Series III ni mọ́tò náà, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1971 sí 1985. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi, òun ni mo sì fi ń kó irè oko láti ẹ̀yìn Ìdọ̀fìàn wọ Ìlọrin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dà mí láàmú rí. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi tà á.

Abẹ́rẹ́ mítà epo àti ti ooru ẹ́ńjìnnì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pọ̀. Mo bu lítà 20 sí táǹkì, abẹ́rẹ́ ní ó ti kún. Kí n tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ti ooru ti wọ ibi pupa, mo sáré ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi kò hó rárá. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ tẹmosítáàtì, èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti tu ẹ́ńjìnnì lára. Èkejì fọ radiétọ̀. Kò sí èyí tó wo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù nínú wọn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Kí ojú mítà tó lè jáde, èèyàn á tú skrúù, á ki ọwọ́ sẹ́yìn níbi tí ojú kò tó láti já okùn mítà ìsáré, á sì máa ṣọ́ra kí àwọn wáyà tó ti gbẹ má baà já. Ìdajì ọjọ́ ló máa ń gbà.

Ríwáyà kan ní Gáà-Akánbí ló sọ fún mi pé, "Àlàájì, ẹ jẹ́ ká la ọ̀nà ibẹ̀ ná. Bí mo bá tún un ṣe tí mo tún dí i pa, ẹ ó padà wá." Ó gé páànù alumíníọ̀mù tuntun fún ojú mítà, ó fi hínjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi nọ́ọ̀tì elétí méjì, tí ọwọ́ lásán lè tú, di òkè rẹ̀. Èyí tó bá mọ́tò wá ṣì wà nílé mi, a kò gé e. Ó fi kún gígùn àwọn wáyà kí páànù lè dà sílẹ̀ dáadáa, ó sì kó wọn sínú sókẹ́ẹ̀tì kan tí a lè fà yọ. Ohun tí mo yìn jù ni pé àwọ̀ wáyà kan náà ló fi ṣe àfikún: aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti bátìrì wá tààrà, funfun tó dúró de kọ́kọ́rọ́, aláwọ̀ ewé tó ti gba fíúsì kọjá, dúdú tó lọ sí ara irin. Ẹni tó bá ti bá wáyà pupa pàdé níbi gbogbo nínú mọ́tò kan á mọ oore tó ṣe mi.

Bí ó ṣe ṣí i, a rí àìsàn náà. Àpótí kékeré kan wà lẹ́yìn mítà tó ń dín iná bátìrì kù sí 10 fólítì fún mítà epo àti ti ooru. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan irin. Ìpáàrà ti gba àárín wọn, iná bátìrì sì ń wọlé láìdínkù. Ó ha á, ó dè é mọ́lẹ̀, àwọn abẹ́rẹ́ méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lójú mi. Tẹmosítáàtì tí wọ́n yọ, kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Àléébù wà o. Ọjọ́ kan ló dá fún mi, ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Okùn mítà ìsáré ká kọ́rọ́ nígbà tí a pa páànù dé, abẹ́rẹ́ sì ń fò títí mo fi ra èyí tó gùn. Hínjì ń ké lójú ọ̀nà oko. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ti fíúsì ni mi ò lè fojú fò. Ríwáyà rí 35 áńpù lára fíúsì onígíláàsì àtijọ́, ó wá fi fíúsì pẹlẹbẹ òde òní tó jẹ́ 30 rọ́pò rẹ̀. Ohun tí yóò jó o ni wọ́n kọ sára ti àtijọ́ yẹn. Nǹkan bí 17 áńpù ló lè máa gbé. Ti òde òní, èyí tó lè máa gbé ni wọ́n kọ. Bí mo bá fi 30 sílẹ̀, wáyà lè jó kí fíúsì tó jó. 15 ni mo fi sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo tiyín.

Iṣẹ́ àti èlò gba náírà 95,000 lọ́wọ́ mi. Mo tún lè san án.

Ní oṣù tó kọjá, iná ẹ̀yìn kú mọ́ wa lọ́wọ́ nítòsí Òrò, ilẹ̀ ti ṣú, ìyàwó mi sì wà pẹ̀lú mi. Ó di tọ́ọ̀ṣì mú, mo tú nọ́ọ̀tì méjì, páànù dà sílẹ̀. Fíúsì tí a lẹ "iná ẹ̀yìn" mọ́ ló jó. Mo fi òmíràn sí i, ó tàn, a gbéra. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí ibi tí wáyà ti họ lára ṣáásì.