Lìńkéèjì Olówó Gọbọi Lábẹ́ Corolla: Oṣù Mẹ́jọ Lójú Ọ̀nà Ìlọrin

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi lo lìńkéèjì stabilizer, irú èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń lò, lábẹ́ Toyota Corolla mi ti ọdún 2005, kí n tó ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì fi irú èyí tí ọkọ̀ náà bá dé láti ilé-iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn méjì tí a jọ ń gbé ní Tánkè ti bi mí bóyá kí àwọn náà ra irú rẹ̀ sí ọkọ̀ kékeré tiwọn. Mo rí i pé ìdáhùn ẹnu lásán kò tó, nítorí pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìdí tí n kò sì fi lè ní kí wọ́n rà á gba àlàyé.

Ọ̀pá stabilizer ni irin gbọọrọ tó dábùú abẹ́ ọkọ̀ níwájú láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dé ẹ̀gbẹ́ òsì. Lìńkéèjì ni irin kúkúrú tó so etí ọ̀pá yìí mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, tí ara rẹ̀ sì fẹ́ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá náà a lọ́ bí ẹni ń fún aṣọ, agbára tó fi ń kọ̀ láti lọ́ yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ dà jù. Bí táyà méjèèjì bá jọ gun bọ́m̀pù lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá náà kàn ń yí nínú rọ́bà tó dì í mú ni, lìńkéèjì kò rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe. Ìgbà tí táyà kan ṣoṣo bá jìn sí kòtò ni iṣẹ́ dé bá a. Ohun tí mo fi mọ̀ pé lìńkéèjì àkọ́kọ́ mi ti kú nìyẹn. Lórí bọ́m̀pù tó gba gbogbo ojú ọ̀nà, kò sí ariwo kankan, ṣùgbọ́n ní Gàá-Àkàńbí, níbi tí òjò ti jẹ etí ọ̀dà lápá kan, màá máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ṣáájú ìgbà náà, ẹnì kan ti ní kí n lọ ra ṣọ́ọ̀kì tuntun. Ó ṣe mí láàánú pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra ṣọ́ọ̀kì nítorí irú ariwo yìí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, tó fi ọwọ́ di lìńkéèjì mú, tó sì mì í, á ti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà Táíwò, níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ pọ̀ sí, ni mo ti ra lìńkéèjì irú ti ọkọ̀ ìje náà. Ẹni tó tà á fún mi fi hàn mí pé a lè yí àárín rẹ̀ kí ó gùn tàbí kí ó kúrú, àti pé irin líle ni gbogbo ara rẹ̀. Orí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ bọ́ọ̀lù irin tó ń dán, tí kò sí rọ́bà kankan tó bò ó. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí mo bá níbẹ̀ tó jẹ́ irú ti ilé-iṣẹ́. Mo san án tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wà á gba Gánmọ àti Amọ́yọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ọkọ̀ náà dúró ṣinṣin lójú kọ́nà, sítíárìn rẹ̀ sì ń jẹ́ mi lóhùn kíákíá, mo sì rò pé owó mi kò ṣòfò. Ohun tí n kò rò nígbà náà ni pé lìńkéèjì tí mo yọ kúrò ti kú pátápátá, nítorí náà kò sí èyí tuntun tí à bá fi síbẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, tí kì bá fún mi ní ìtura kan náà.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ariwo padà dé. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ mi tú ti apá òsì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Gíríìsì àti eruku pupa ti pò pọ̀ di ẹrẹ̀ yí bọ́ọ̀lù náà ká. Nígbà tí mo fi ìka nù ún, iyanrìn tó wà nínú rẹ̀ ń ha mi lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù náà sì ń mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nǹkan gidi lẹ rà, ṣùgbọ́n ìhòòhò ló wà. Eruku tiwa yìí kì í fi irú rẹ̀ sílẹ̀.” Ọkọ̀ ìje máa ń rí ẹni tó ń yẹ abẹ́ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, tí yóò sì pààrọ̀ bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ọkọ̀ tí a fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé kò rí irú ìtọ́jú yẹn, èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún un sì ní gíríìsì tirẹ̀ nínú rọ́bà tí wọ́n ti dì pa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni pé lìńkéèjì tó lágbára kò lè sọ ọ̀pá stabilizer di líle. Ohun tó ń pinnu líle ọ̀pá náà jù ni bí ó ṣe nípọn tó, ìyẹn sì ń ga sókè gidigidi: ọ̀pá tó jẹ́ mílímítà 22 fi nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún le ju èyí tó jẹ́ mílímítà 20 lọ, bí irin wọn àti ìrísí wọn bá dọ́gba. Iṣẹ́ lìńkéèjì ni kí ó gbé agbára náà dé ibi tó ń lọ. Lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ kan wà tí lìńkéèjì wọn jẹ́ bóòtì gígùn tó gba inú rọ́bà rírọ̀ kọjá, ẹni tó bá sì fi rọ́bà tó le rọ́pò ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rí ìyàtọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ló wà lórí lìńkéèjì Corolla yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí rọ́bà rírọ̀ kankan tó ń fi agbára ṣòfò níbẹ̀. Ti yíyí i gùn yíyí i kúrú, ẹni tó bá ti rẹ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ló sábà máa ń nílò rẹ̀, kí ọ̀pá náà má baà ti lọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ta ni yóò rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ lórí àwọn bọ́m̀pù Ìlọrin?

Èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ mi báyìí ni èyí tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní 555, láti Japan. Ti ilé-iṣẹ́ CTR ti South Korea náà wà, mo sì mọ àwọn tó yìn ín. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, nítorí náà mo tẹ rọ́bà orí rẹ̀ wò bóyá ó rọ̀, mo sì yí bọ́ọ̀lù rẹ̀: èyí tó dára máa ń lekoko díẹ̀, kì í yí wìnìwìnì. Mi ò gba tòkunbọ̀ rárá, torí pé rọ́bà rẹ̀ ti gbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Méjèèjì la jọ pààrọ̀, ọ̀tún àti òsì, a sì gbé iwájú ọkọ̀ sókè lápapọ̀, nítorí pé bí a bá fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀pá náà á ti lọ́, ihò rẹ̀ kò ní bá ti lìńkéèjì ṣe déédéé, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lù ú. Ọ̀gá fi allen key (irin kékeré onígun mẹ́fà) di imú bóòtì náà mú kí ó má bàa máa yí bí ó ti ń fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo dúró tì í títí ó fi parí rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ya rọ́bà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wọlé gan-an.

Mo ti lọ sí Òmù-Àrán ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti ìgbà náà, mo sì ti ń gba Gàá-Àkàńbí kọjá láràárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo tún bẹ̀rẹ̀ wò ó: rọ́bà rẹ̀ ṣì gbẹ, gíríìsì kankan kò jò jáde, mo sì mì í, kò mì. Lìńkéèjì olówó gọbọi náà wà nínú àpò ní ilé. Ẹnì kan ti fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi láti pààrọ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀ kí ó sì fi sí Corolla tirẹ̀, ṣùgbọ́n gíga ọkọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́, nítorí náà n kò tà á fún un.