Sílíńdà ọ́síjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi: oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti ń lò ó

Aago méjì òru ni ẹ̀fọ́rí mi máa ń jí mi. Ojú ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ihò imú ọ̀tún á dí, ìpéǹpéjú á wálẹ̀. Kí n tó ka ení, èjì, ó ti dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi irin gbígbóná ti ẹyinjú mi síta. Ẹni tí túúlu ń ṣe á wá ibi òkùnkùn dùbúlẹ̀ sí. Èmi ò lè jókòó, ká má tíì sọ ti ìdùbúlẹ̀. Màá máa rìn síwá sẹ́yìn ní pálọ̀, màá máa forí gbá ògiri. Lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ìyàwó mi rò pé wọ́n ti ṣe mí láti ilé ni.

Ọ̀rọ̀ sílíńdà ọ́síjìn tí mò ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ kò ní yé yín bí mi ò bá sọ ohun tí mo ti lò ṣáájú rẹ̀. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tọ́jú ibà títí. Wọ́n ní awò ojú ni mo nílò. Dókítà eyín yọ eyín ńlá méjì tí kò ṣe nǹkan kan. Ìyá mi ní túúlu ni, wọ́n se àgbo. Gbogbo rẹ̀ ló sì ń "ṣiṣẹ́"! Àṣírí ibẹ̀ ni pé àìsàn yìí ní sáà. Tèmi á ṣe mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó bá lọ ló ń gbọpẹ́.

Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, dókítà àdúgbò pè é ní migraine, irú ẹ̀fọ́rí líle mìíràn, ó fún mi ní oògùn oníhóró. Kí oògùn náà tó dé inú ẹ̀jẹ̀, ìrora ti ṣe tirẹ̀ tán. Dókítà ọpọlọ tí wọ́n wá darí mi sí ló bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: ṣé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni nígbà gbogbo? Ìṣẹ́jú mélòó? Ṣé o máa ń dùbúlẹ̀ ni àbí o máa ń rìn? Bí o bá mu bíà ńkọ́? Bíà kẹ̀! Lásìkò sáà náà, ìdajì ife ti tó láti gbé e dìde. Ó ní cluster headache ni, ẹ̀fọ́rí tó ń wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́: ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí 3 lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóòjọ́. Ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara kò rí nǹkan kan ní orí mi. Kì í ṣe òun náà ló ń fi í hàn, wọ́n kàn fi ń rí i dájú pé kì í ṣe kókó tàbí nǹkan mìíràn ni. Ibi tó ń ṣe bí aago ara nínú ọpọlọ, hypothalamus, lọ́wọ́ sí i. Abájọ tó fi mọ aago méjì òru ju alámù mi lọ.

Dókítà kọ fọ́ọ̀mù, ilé-iṣẹ́ tó ń pín ọ́síjìn sì kó o wá sílé lọ́jọ́ kẹrin. NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ló san án, mi ò san kọ́bọ̀. Àmọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ imú àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú ni wọ́n kó wá, ẹ̀rọ ẹnu sílíńdà kò sì kọjá lítà 4. Oru mẹ́ta ni mo fi fà á, bí ẹni ń fẹnu fẹ́ iná igbó. Nọ́ọ̀sì ló là mí lójú lórí fóònù: ìbòmú tó ní àpò nísàlẹ̀ ni, tí kì í jẹ́ kí èémí tí o mí síta padà wọlé, lítà 12 sí 15 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ oníná tó ń fa ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́ ilé kò ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn kò kọjá lítà 5.

Oru tí ojúlówó dé, mo jókòó, mo tẹ̀ síwájú, mo fún ìbòmú mọ́ imú àti ẹnu pinpin, mo ṣí i dé 15. Ní ìṣẹ́jú kejìlá, mo gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń dún. Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ ohun kankan yàtọ̀ sí orí mi rí. Mo sunkún. Ìwádìí kan tó jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2009 fi ọ́síjìn lítà 12 wé afẹ́fẹ́ lásán: láàárín ìṣẹ́jú 15, ọ́síjìn mú ìrora rọlẹ̀ ní ìgbà 78 nínú 100, afẹ́fẹ́ lásán ní 20. Tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣomi. Bí mo bá ṣọ̀lẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè má gbọ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ sumatriptan milígíráàmù 6 ni mo máa ń gún nígbà náà. Ó yára, àmọ́ méjì péré ni lóòjọ́, àyà mi máa ń fún, kò sì sí fún ẹni tó ní àìsàn ọkàn. Oògùn verapamil ni mò ń lò láti dènà ẹ̀fọ́rí náà lásìkò sáà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ECG yẹ ọkàn wò kí wọ́n tó fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Ìgbẹ́ gbígbẹ ni owó orí tí mò ń san.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún sílíńdà náà. Ó wúwo, ariwo rẹ̀ ń jí ọmọ. Èyí tó gba nǹkan bí lítà 2,000 kò lè ju ìgbà mẹ́fà lọ bí o bá ń lo 300 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ má dúró kó tán kí ẹ tó pè wọ́n. Kò gbọ́dọ̀ sí sìgá tàbí àbẹ́là nítòsí, kì í sì í wọ kíṣìnì. Òrí tí mò ń fi pa ojú nígbà òtútù náà ti di èèwọ̀, ọ̀rá àti ọ́síjìn kì í ṣọ̀rẹ́.

Bàálù kò sì gbà á. Nígbà tí a lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìbàdàn, abẹ́rẹ́ àti lẹ́tà dókítà ni mo gbé dání. Mo rí sílíńdà yá lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o fún ilé ìwòsàn, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ dúró sí lítà 10. Ìbòmú alápò ti wà nínú báàgì mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbà tó ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ojú mi bó ṣe ń padà sí funfun, wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ lásán?"

Oṣù Kẹsàn-án ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè ni wọ́n máa wá pààrọ̀ sílíńdà.